Orúkọ Tí Wọ́n Gé Kúrò Lọ́rùn Ọwọ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Wagiyem ti fi àlùmọ́gàjí gé orúkọ náà kúrò lọ́rùn ọwọ́ ọmọ. Ó gé e jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gé èékánná ọmọ tuntun, ọmọ náà kò sì jí. Okùn oníke funfun ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn náà. Wọ́n tẹ orúkọ sí i lára, wọ́n sì tẹ àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Wagiyem wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìró.

"Ó parí," ni ó wí. "Ẹrù ti bọ́ lórí rẹ̀."

Wulansih, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí í ṣe ìyá ọmọ náà, yọ orí jáde lábẹ́ ibùsùn níbi tó tẹ́ ẹní sí. Oorun kò tíì kúrò lójú rẹ̀.

"Màmá, bí bàbá rẹ̀ bá dé ńkọ́? Òun ló sọ ọmọ lórúkọ."

"Kó dé. Ṣé mo ní kó má dé ni? Mangkubumi! Ẹni tó gbé ilẹ̀ ayé lé itan! Nduk, ọmọ mi, bojú wo itan ọ̀hún. Wò ó dáadáa. Itan tó rí bí igi ìṣáná yìí ni yóò gbé ilẹ̀ ayé? Ọmọ ọba ní í jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ ń wa ọkọ̀ yanrìn."

Wulansih fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Láti ìgbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti dá Mangku dùbúlẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí, oúnjẹ kò kọjá ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára ló ń gbé e ró. Wọ́n á pè é títí, kò ní dáhùn. A sì mọ̀ pé orúkọ a máa ro ọmọ. Bí ó bá ń ro ó, tí ara ọmọ kò gbà á, kí ni àgbà ilé wà fún tí kò ní bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ọmọ kan ti bọ́ lọ́wọ́ Wulansih ṣáájú èyí. Orúkọ tirẹ̀ náà wúwo. Kò sẹ́ni tó ń pè é nínú ilé mọ́.

Orúkọ tuntun ni Waluyo, ẹni tí ara rẹ̀ yá.

A kì í fi ọwọ́ òfìfo pa orúkọ dà. Wagiyem ti se ẹ̀kọ ìrẹsì wá láti ilé, apá kan funfun, apá kan pupa pẹ̀lú ṣúgà ọ̀pẹ. Bí ojú ṣe ń mọ́ ló ń gbé e kiri láti ibùsùn dé ibùsùn, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ nínú rẹ̀ sì di ẹlẹ́rìí.

"Ẹ gbà, ẹ jẹ ẹ́. Mangku ti lọ o. Ọmọ tó wà lórí ibùsùn yẹn, Waluyo ló ń jẹ́."

"Àmín o, Mbah! Kí Waluyo dìde, kó máa sáré kiri ilé!"

Mbah ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é, bí a ti ń pe ìyá àgbà. Obìnrin kan tó sanra, tí ọmọ rẹ̀ ń wú ikọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lá ìka rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Mbah, ẹ dákun, ẹ bá mi pa orúkọ ọkọ tèmi náà dà. Bóyá á rí iṣẹ́ ṣe."

"Orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wúwo, ìwọ lo wúwo lé e lórí!"

Ẹ̀rín gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ọmọdé kan tó ń sunkún dákẹ́ kó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Wagiyem nínú débi pé ó gbàgbé pé àpá òjò àná ṣì tutù lórí ilẹ̀. Òrùlé ti jò lóru, wọ́n sì ti gbé àwọn ibùsùn kiri nínú òkùnkùn: wọ́n gbé Mangku kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n gbé ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni náà ni Tumirah àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìgbèríko. Wọn kò bá wọn jẹ ẹ̀kọ. Wọ́n ti lọ tò sẹ́nu ilé ìwẹ̀, ibi tí ènìyàn ti ń tò bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ ọmọ Tumirah, nítorí "Le" ni ìyá rẹ̀ ń pè é, bí gbogbo ìyá ti ń pe ọmọkùnrin wọn.

Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ ni Endah wọlé. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ́ ni, ó sì ń yára rìn. Ènìyàn méjì ló yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù yẹn láàárọ̀. Ìjọba mọ̀, ọ̀gá ilé ìwòsàn mọ̀, ògiri pàápàá mọ̀. Ẹnì kejì kò wá, ọmọ tirẹ̀ náà ní ibà. Endah ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bí ìbọn ìṣeré ọmọdé sì wà lórí rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, a tan iná pupa. Bí iná náà bá kọjá lórí ìlà dúdú tó wà lára oògùn, tó sì tún kọjá lórí ìlà dúdú tó wà lọ́wọ́ ọmọ, tí àwọn méjèèjì bá bára mu, ẹ̀rọ á ké pẹ́ẹ́n bí ẹyẹ. Bí wọn kò bá bára mu, igbe burúkú ni yóò ké. Àwọn ìyá kò fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó tó dé, nọ́ọ̀sì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pe orúkọ, ìyá á dáhùn, wọ́n á gún abẹ́rẹ́, ó parí. Ní báyìí oorun ọmọ kò ní pé kí wọ́n tó máa fa ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ.

"Waluyo!" ni Endah pè. "Waluyo tó wà lẹ́bàá fèrèsé!"

Wagiyem fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀. Ó yíjú sí gbogbo ènìyàn.

"Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́! A ò tíì jẹ ẹ̀kọ tán, orúkọ ti dé ọ́fíìsì wọn! Ẹ̀mí ló gbé e lọ síbẹ̀. Òun nìyí, nọ́ọ̀sì! Waluyo wa nìyí!"

"Ẹ ṣé, Mbah." Endah mú abẹ́rẹ́ kékeré kan jáde, ó tan iná sí i lára. Ó ṣí aṣọ, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà. Ó gbé ọwọ́ òsì. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Okùn ọwọ́ rẹ̀ dà?"

"A ti gé e dànù. Orúkọ tó ti kú ló wà lára rẹ̀."

"Háà, Mbah! Ẹ gé e?"

"Mo gé e. Ṣé ó yẹ kí ọmọ máa ru òkú orúkọ kiri ni?"

"Mi ò lè fún un lóògùn láìsí i. Ẹ̀rọ kò ní gbà."

"Ẹ̀rọ?" Wagiyem dìde dúró. Kò ga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ga. "Ẹ̀rọ ló bí i ni? Ọwọ́ mi yìí ló kọ́kọ́ gbà á nígbà tó jáde sáyé. Èmi ni ẹ̀rọ fẹ́ wá sọ fún pé èmi ò mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ jàre," ni obìnrin sísanra nì wí láti ẹ̀gbẹ́. "Waluyo ni. Àwa jẹ́rìí. Ẹ̀kọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi báyìí."

"Àwa náà jẹ ẹ́!"

"Ẹ bojú wo ọmọ náà, kò lè lé eṣinṣin, ẹ wá ń bá ike jà!"

"Lóòótọ́ ni wọ́n wí, nọ́ọ̀sì," ni Wulansih bẹ̀bẹ̀. "Ẹ má bínú sí màmá mi. Ẹ ṣáà fún un. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ jù."

Endah wo gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó wo àwọn ibùsùn yòókù tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó fi òwú tútù nu apá ọmọ náà. Bọ́tìnnì kan wà lára ẹ̀rọ náà tí a lè tẹ̀ kí ẹ̀rọ gbà láìka okùn ọwọ́ sí. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ̀ ọ́n. Ìka rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ènìyàn púpọ̀ ń jẹ́rìí, ìyá ọmọ ń bẹ̀bẹ̀, ìyá àgbà ń búra. Ẹ̀rọ nìkan ni kò gbà, ẹ̀rọ kò sì ní ìtìjú.

Ó sọ abẹ́rẹ́ náà padà sínú àwo.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ lọ tẹ okùn mìíràn fún un."

"Máa lọ," ni Wagiyem wí tẹ̀lé e. "Máa lọ, ìyàwó ẹ̀rọ! Kó o bí ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ fún un!"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Endah padà dé pẹ̀lú okùn funfun tuntun, tí Wagiyem rí i pé ó gbé orúkọ Waluyo dání, gbogbo ìbínú rẹ̀ rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ ọmọ náà síwájú.

"Ẹ rí i báyìí. Èyí ló yẹ ẹ́. So ó, ọmọ mi, so ó dáadáa. Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ọkọ tó ní sùúrù."

"Mo ní láti bi yín léèrè kí n tó so ó," ni Endah wí. "Ẹ má dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu yín ni kí ẹ fi sọ ọ́. Kí ni orúkọ ìyá ọmọ?"

"Wulansih."

Endah tẹjú mọ́ okùn náà.

"Ẹ tún un sọ."

"Wulansih. Èmi náà nìyí. Àbí Màmá ti pa tèmi náà dà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Endah kò rín.

"Tumirah ló wà níbí."

"Ta ló ń pè mí?"

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Obìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ dúró níbẹ̀, ó fi aṣọ ìnura kọ́ ọrùn, ó di ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ mú, irun ọmọ náà ṣì ń kán omi sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ ṣúgà ọmọ mi. Mo rí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ tó ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun láìgbà á."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" ni Endah bi í.

"Waluyo."

Ṣíbí tó wà lẹ́nu ẹni dúró síbẹ̀. Wagiyem wo ọmọ onírun tútù náà, ó wo abẹ́rẹ́ inú àwo, ó wo ibi tí òwú ti nu apá ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí kò tíì gbẹ.

"Abẹ́rẹ́ yẹn," ló bi Tumirah, "kí ló ń ṣe lára?"

Tumirah kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ó dáhùn bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà.

"Ó ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ni, Mbah. Ó dára fún tèmi yìí, ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un, tí oúnjẹ sì pẹ́, á máa gbọ̀n, á máa làágùn, á máa wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó ti dákú mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Èèyàn á máa pè é, kò ní jẹ́." Ó wo Mangku lórí ibùsùn. "Ọmọ tiyín yìí ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Wulansih fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀.

Obìnrin sísanra nì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu abọ́ ẹ̀kọ tó ti lá mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó nu ún, ó tún un nù. Àwọn tó jẹ́rìí ń wo ilẹ̀, bí ẹni pé òjò àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun àwòyanu. Endah jókòó sẹ́sẹ̀ ibùsùn. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ìmí rẹ̀ fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa ọwọ́ ọmọ Tumirah wá, ó tan iná pupa sí okùn tó wà níbẹ̀. Pẹ́ẹ́n. Ó gún abẹ́rẹ́ fún ẹni tó ni í.

"Mi ò ní pa á mọ́, n ó sọ ọ́ fún ọ̀gá mi," ni ó wí fún Wulansih. "Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì."

"Ọwọ́ wa la fi ń tì yín," ni Wulansih dáhùn.

Wagiyem ti lọ dúró síbi fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Oògùn ti Mangku fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, èyí tó ń bá ibà jà, àkókò rẹ̀ sì ti ń kọjá lọ. Endah ti wá orúkọ rẹ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà, ó ti tẹ okùn rẹ̀ jáde. Orúkọ àtijọ́ ló wà lára rẹ̀, odindi. Wagiyem mọ̀ ọ́n láìwò ó. Bí wọ́n bá so ó padà, ẹrù ti gorí ọmọ padà nìyẹn. Bí wọn kò bá so ó, kò sí oògùn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí láàárọ̀ yìí kò tíì mú ìgbàgbọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kìkì pé ó fi ẹ̀rù kejì ti ẹ̀rù àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá," ni Wulansih pè é, "ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó."

"Ṣé mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú ni?"

"Bí ẹ bá ṣe dúró yẹn, kò sẹ́ni tó lè so ó."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Pramono, bàbá ọmọ, fi wọlé. Ó ti òru wa ọkọ̀ yanrìn, eruku funfun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò tíì rìn dé ìdajì wọ́ọ̀dù tí ẹnu púpọ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àlùmọ́gàjí, ẹ̀kọ, Waluyo méjì, abẹ́rẹ́ ṣúgà. Wagiyem gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó mú ara rẹ̀ le, ó ń dúró de igbe. Ó tilẹ̀ ti mọ ohun tí yóò fi dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ líle kan nípa àwọn ọkùnrin tó ń kó orúkọ ọba wọ ilé oníyanrìn.

Pramono lọ síbi omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ pẹ́.

"Ó ti jẹ nǹkan kan?"

"Rárá," ni Wulansih wí.

Ó mi orí. Ó wá sí ẹ̀bá fèrèsé, ó dúró díẹ̀ sẹ́yìn ìyá ìyàwó rẹ̀, kò súnmọ́ ọn jù.

"Màmá, bó bá jẹ́ Waluyo lẹ fẹ́ kó máa jẹ́, bí ara rẹ̀ bá ti yá, èmi fúnra mi á gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, a ó yí i padà. N ò ní jà. Ṣùgbọ́n oògùn tòní, orúkọ tí oògùn mọ̀ ọ́n sí ni kí ẹ jẹ́ kó fi gbà á."

Ọ̀rọ̀ líle tó wà lẹ́nu Wagiyem kò rí ibi tí yóò bà sí. Ó gbé e mì.

"Mo fẹ́ dáàbò bò ó ni," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́n jù mí lọ."

"Kò gbọ́n, Màmá. Ó kàn lágídí ni. Ṣé ẹ̀yin náà kò lágídí?"

Wagiyem fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi etí ìró nù ún, ó yíjú padà. Endah ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú okùn lọ́wọ́ kan, ọwọ́ Mangku lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ má bínú, mo tún ní láti bi yín. Kí ni orúkọ ọmọ yìí?"

Wulansih la ẹnu. Wagiyem gbé ọwọ́ sókè.

"Èmi ni mo gé e. Èmi ni n ó dá a padà."

Ó súnmọ́ ibùsùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ, àbọ̀ rẹ̀ ló máa ń pè, kò pe odindi rẹ̀ rí. Ó fa èémí sínú.

"Bagaskara Mangkubumi," ló wí, ó sì pè é tán, kò jẹ ìkankan nínú rẹ̀ mọ́ ẹnu. "Ọmọ Wulansih. Ọmọ Pramono."

Endah so okùn náà, ó fi ìka kan sábẹ́ rẹ̀ kó má baà fún un jù. Ó tan iná sí ìgò oògùn, ó tan án sí ọwọ́ ọmọ. Pẹ́ẹ́n, ni ẹ̀rọ náà wí.

"Mo wà," ni ohùn kan wí lórí ibùsùn.

Ojú rẹ̀ ṣì dì. Ohùn náà há, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń dáhùn láàárọ̀ nígbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ wọn, tí oorun kò tíì dá lójú wọn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ìyá àgbà rẹ̀ ló dá lóhùn ni, tàbí ẹ̀rọ. Oògùn ti ń kán lọ sínú rẹ̀. Wulansih ti dìde, ó ń wá ṣíbí.